Yí Inú Rẹ̀ Síta Kó O Tó Tà Á

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ ọmọge ní Agbassa níbí, tí ọrùn mi ṣì gùn, tí eyín mi ṣì pé… Táwà, kí lo ń rín? Mo ní eyín mi pé! Nígbà yẹn, ẹni tó bá wọ aṣọ tó ti gbó jáde ní Warri, àánú rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Ìwọ wá jókòó síwájú mi lónìí, ò ń bi mí pé, "Mama, how you take start to dey like old cloth?" Ìwọ tó ń ta aṣọ àlòkù lórí fóònù, tó o sọ ọ́ ní fíntéèjì. Fíntéèjì! Òkírìkà là ń pè é. Àwọn ará Èkó ń pè é ní bọ́síkọ̀rọ̀, torí pé bó o bá fẹ́ dán an wò lára, o ní láti bọ́ sí kọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó rà á kì í fẹ́ kí aládùúgbò rí òun. Lónìí ńkọ́? Ẹ ń fi owó gidi ra ṣòkòtò tó ti ya lórúnkún, ẹ tún ń ya fọ́tò sí i.

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, Táwà.

Ìyá mi, ìyá àgbà bàbá yín nìyẹn, léèsì ló ń tà. Ará Ìsẹ́yìn ni. Òun àti bàbá mi ló jọ wá sí Warri. Nígbà tí bàbá mi kú, ó ku èmi àti ìyá mi nìkan, ìsọ̀ léèsì yẹn ló ń bọ́ wa. Gbogbo ayé ń pè é ní Ìyá Oníléèsì. Owó epo ti dé nígbà náà. Ẹ gbọ́, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí! Wọ́n ń kọ́ iléeṣẹ́ ìfọpo lápá Ubeji, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbowó, wọ́n ń kó ìyàwó wá sísọ̀. Wọn kì í ná ọjà. "Madam, cut am." Ó parí! Ẹni tó bá wọ léèsì kan lónìí, tó tún wọ̀ ọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á ní nǹkan ò rọgbọ fún un mọ́.

Aṣọ àtijọ́ ńkọ́? Ta ló fẹ́ rí i? Àwọn ọkùnrin kan máa ń kiri àdúgbò, wọ́n á ru abọ́ oníke, wọ́n á máa fọwọ́ lù ú, pó, pó, pó. Bó o bá ní aṣọ tó o ò fẹ́ mọ́, o kó o fún wọn, àwọn náà fún ọ ní abọ́. Bí àwọn obìnrin ṣe ń kó kíjìpá jáde nìyẹn, tí wọ́n ń kó àdìrẹ, tí wọ́n ń kó òfì. Ìyá mi náà ṣe é. Ó ní ìró sányán kan tí ìyá rẹ̀ fún un ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ tó ń tẹ̀ lé ọkọ bọ̀ wá sí Warri. Ìyá Ìsẹ́yìn ti kú nígbà tí mò ń wí yìí. Ìyá mi gbé sányán náà kalẹ̀, ó fi gba abọ́ ìfọṣọ méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ìyeyè.

Mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, ti Ìyá Ìsẹ́yìn kọ́ nìyẹn?"

Ó ní, "Òun náà ni. Ó wúwo, ó ń yún mi lára, igun rẹ̀ sì ti ya, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò rí Ìyá Oníléèsì nínú sányán alábùlẹ̀?"

Ọkùnrin yẹn ká a sínú àpò, ó lọ. A sì fọ aṣọ nínú abọ́ pupa náà lọ́jọ́ kejì.

Ó wá di ọjọ́ kan, ìyá mi ní kí n gbé léèsì lọ fún oníbàárà kan tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ogbe-Ijoh. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo rí obìnrin Ìjọ̀ kan, Màmá Ebiere ni wọ́n ń pè é, òkírìkà ló ń tà létí omi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú aṣọ sílẹ̀ ni. Òórùn káfúrá gba gbogbo ibẹ̀ kan. Mo dúró kí n kàn wòran ni… òkírìkà kẹ̀? Èmi, ọmọ oníléèsì? Mo wá rí gáùn kan. Aláwọ̀ ewé ni, aṣọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi bo bọ́tìnnì rẹ̀. Mo mú un. Mo yí inú rẹ̀ síta kí n wò ó bóyá ó ti ya. Abẹ́ apá rẹ̀ ti ya rí lóòótọ́. Ẹnì kan ti wá rán an, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni o, ó rán an wẹ́wẹ́, ó rán an pẹ̀lú sùúrù, bó ò bá yí i síta o ò ní mọ̀ láéláé.

Mo dúró síbẹ̀. Ta ni? Ṣé ìyá ọlọ́mọ ni? Kí ló dé tí kò jù ú nù? Léèsì tó wà nísọ̀ wa, ọgbọọgba ni gbogbo wọn rí, kò sí èyí tí ẹnì kan ti jókòó tì rí nínú wọn. Ṣùgbọ́n eléyìí, ẹnì kan ti fẹ́ràn rẹ̀ kí n tó dé. Ọkàn mi kàn yọ́ ni. Ẹ gbọ́, ìfẹ́ ni! Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é.

Màmá Ebiere wò mí títí, ó ní, "My pikin, you go buy am abi you wan marry am?"

Mo fi owó oúnjẹ mi rà á. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, mo lọ̀ ọ́. Ó bá mi mu bí ẹni pé èmi ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ọmọdé ò mọ ewu. Mo wọ̀ ọ́n lọ sísọ̀!

Ìyá mi ò tètè mọ̀ pé òkírìkà ni. Oníbàárà wa kan ló tú mi fó, ìyàwó ọ̀gá kan ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó fọwọ́ kan apá gáùn náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ah-ah, Madam! Your pikin dey wear okrika? Abi market don fall?" Kò ra ohunkóhun. Ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa ló yà sí.

Ìyá mi dúró kó lọ tán. Bí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, Àṣàkẹ́ ló máa ń pè mí. Lọ́jọ́ yẹn ó ní, "Rábíátù, ta ló ni aṣọ yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Kó o tó ni ín ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ bo apá gáùn náà.

"Òkú ló ni ín! Lára òkú òyìnbó ni wọ́n ti bọ́ ọ!" Bí gbogbo èèyàn ṣe gbà á nìyẹn nígbà náà. "Bọ́ ọ. Lọ gbé kẹrosíìnì wá, kó o sun ún lójú mi."

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ nà mí bí ẹ bá fẹ́. Mi ò ní sun ún."

Mi ò gbó ìyá mi lẹ́nu rí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ó dáa. Ṣé o rí ìsọ̀ yìí? Òun ni bàbá rẹ, òun ni ọkọ mi. O fẹ́ fi aṣọ òkú tì í pa. Yálà kí aṣọ yẹn kúrò nílé mi, tàbí kí ìwọ kúrò nísọ̀ mi. Mú ọ̀kan."

Mo sunkún títí. Èmi àti òun nìkan la ní ara wa ní Warri, ibo ni mo fẹ́ gbà? Síbẹ̀, mi ò lè sun aṣọ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi fúnra rẹ̀ já gáùn náà gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní ká lọ dá a padà fún ẹni tó tà á, òun sì máa kìlọ̀ fún un kó má ta nǹkankan fún ọmọ òun mọ́. Ó wé gèlè, ó wọ léèsì funfun, ó ṣáájú. Mo ń wọ́ tẹ̀ lé e.

Òjò ti rọ̀, gbogbo Ogbe-Ijoh ti di ẹrẹ̀. Bí a ṣe dé, ìyá mi figbe ta: "Na you sell dead body cloth give my pikin?"

Màmá Ebiere ò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Madam, dead body no dey pack load. Na person wey dey alive dey pack am."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ó ń bú u lédè Yorùbá, ó ń bú u ní píjìn, èèyàn ń pé jọ. Èmi sorí kọ́. Lójijì, ohùn rẹ̀ já. Mo rò pé ikọ́ ni. Nígbà tí mo gbójú sókè, ilẹ̀ ló ń wò.

Aṣọ kan wà lábẹ́ ọjà Màmá Ebiere, ó nípọn, ó tẹ́ ẹ kí ọjà rẹ̀ má baà kan ẹrẹ̀. Igun rẹ̀ kan yọ síta. Ẹrẹ̀ ti bò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń rí i pé ó pọ́n rúsúrúsú. Ní igun yẹn, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, òwú ẹlú dúdú ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ìyá Oníléèsì, pẹ̀lú gèlè lórí, bẹ̀rẹ̀ nídìí òkírìkà, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú léèsì funfun. Ó di igun aṣọ náà mú, ó yí i sódì, ó ń fi àtàńpàkò pa ojú abẹ́rẹ́ náà.

Ó ní, "Àṣàkẹ́, ìyá mi ló rán èyí. Ọkọ̀ ti ń dúró dè wá. Kò rí òwú sányán, ó fi òwú ẹlú rán an. Ó ní kí n má bínú, bí mo bá dé ìlú àjèjì tí mo rí i, kí n mọ̀ pé ọwọ́ òun ni." Ó wá bú sẹ́kún. "Yéè! Mo fi ọwọ́ ìyá mi gba abọ́!"

Mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú. Inú mi bà jẹ́ fún un, mo gbàgbé pé òun ló fẹ́ lé mi.

Màmá Ebiere ní, "Wetin do your mama?" Mo sọ fún un. Ó ń kó ọjà rẹ̀ kúrò lórí aṣọ náà, ó ń gbé wọn lé èjìká, ó ń gbé wọn lé orí àga, títí orí aṣọ náà fi ṣófo. Ó gbọn sányán náà, ó ká a. "Carry am, my sister. Na those bowl people sell am give me. I no know say e get who dey find am." Ìyá mi fẹ́ sanwó, ó kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó yá, abọ́ méjèèjì, pupa àti ìyeyè, la gbé lọ fún un, kó máa kó ọjà rẹ̀ sí.

Bá a ṣe délé, ìyá mi rẹ sányán náà sómi. Ìgbà náà ló tó rántí pé gáùn mi ṣì wà ní apá òun. Ó yí inú rẹ̀ síta. Ó wo abẹ́ apá rẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ẹni tó rán èyí náà dára." Ó nà án sí mi. "Àṣàkẹ́, gbà."

Lọ́jọ́ Iléyá, ó ró sányán náà lọ sí Yídì. Àbàwọ́n ẹrẹ̀ yẹn ò bọ́ tán, kò sì bìkítà. Ìyàwó ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tún fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá mi dá a lóhùn pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ó ti kú báyìí, Ọlọ́run kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí a ń pín ẹrù rẹ̀, léèsì kún àpótí méjì, bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ó ń já. Sányán nìkan ni mo mú. Òun ló wà lórí itan mi yìí.

Kí lo wí, Táwà? "Mama, people go rush am o"? Mo mọ̀ pé wọ́n á dù ú. Ọmọ mi, ta òkírìkà rẹ, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kó o tó tà á, yí inú rẹ̀ síta. Bó o bá rí ibi tí ẹnì kan ti rán, má fi pa mọ́ fún ẹni tó ń rà á, ibẹ̀ gan-an ni kó o fi hàn án. Ayé ti yí padà… ẹ̀yin ń rà, ẹ̀ ń jù nù, ta ló ń tún nǹkan rán mọ́?

Mú ọwọ́ rẹ wá. Òwú ẹlú nìyí, ti Ìyá Ìsẹ́yìn nìyẹn. Funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ìyá mi ni. Pupa yìí, tèmi ni. Ó tún ti ń ya lápá ibí, ṣé o rí i? Ojú mi ò sì ríhò abẹ́rẹ́ mọ́. Dìde, abẹ́rẹ́ wà lórí wíńdò. Mú òwú tó bá wù ọ́.