Èmi Ni Mo Tú Ìdí Kóló Ìyàwó Ilé Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, ṣùgbọ́n láti Sátidé tí mo ti Kọ́bapẹ́ dé, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta. Mo kàwé dáadáa. Ilé bàbá wa ní Òwu ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń gbé. Nígbà tó mú ìyàwó wálé láti abúlé kan lẹ́bàá Kọ́bapẹ́, mo yínmú. Ọmọ abọ̀rìṣà, tí kò parí ìwé mẹ́wàá! Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ, ló bá sọ mí ní Àǹtí Ìbarà.

Ó ní kóló kan, onípákó ni, káfíńtà ló kàn án pa yíká, ihò tóóró kan ló wà lórí rẹ̀. Tó bá ta omi inú ọ̀rá, á ju náírà àádọ́ta sínú rẹ̀. Tó bá ra ata, tí wọ́n fún un ní ṣéńjì, inú kóló náà ni. Ẹ̀rọ ìlọta ló fẹ́ rà. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìyàwó, kí àádọ́ta náírà tó di ẹ̀rọ, eyín á ti ká tán lẹ́nu ẹ." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Àǹtí Ìbarà, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà o." Ṣíọ̀! Ẹlẹ́dẹ̀ lóòótọ́.

Èmi tí mò ń fi í rẹ́rìn-ín ńkọ́? Owó oṣù mi kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi. Lọ́dún tí ìyàwó bímọ, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀, mo sì fẹ́ bàtà àti báàgì tó máa pa àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́nu mọ́. Kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìyá ìyàwó ti wá ń bá a wẹ ọmọ nígbà náà, inú yàrá ọmọ rẹ̀ ló ń sùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n jọ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo wọ yàrá wọn. Mo tú ìdí kóló, mo kó owó inú rẹ̀, mo fi díẹ̀ sílẹ̀ kó má baà fúyẹ́ jù, mo sì kan pákó rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní lọ́kàn láti dá a padà tí oṣù bá parí. Oṣù parí. Bàtà mìíràn ni mo rà.

Nígbà tí ìyàwó fọ́ kóló láti lọ ra ẹ̀rọ rẹ̀, ó figbe ta, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi sáré dé. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ lanu: "Ta ló ń sùn nínú yàrá yìí?" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ojú yí sí ìyá àgbàlagbà. Ó fẹnu kan irin kọ́kọ́rọ́, ó fi Ògún búra pé òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo pòṣé sí i, mo ní ìbúra kèfèrí lásán nìyẹn. Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló kó ẹrù rẹ̀ síta. Láti ọjọ́ náà, kò fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́, ọmọ náà sì ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí.

Sátidé tó kọjá, mò ń ti ibi ìsìnkú kan bọ̀ ní Ṣágámù, ọkọ̀ wa sì dúró ní Kọ́bapẹ́ kí èrò ra àgbàdo sísè. Ta ló ń tà á? Ìyá yìí ni. Mo fẹ́ yíjú, ó ti rí mi.

"Ẹ kú ìrìn o, àna mi."

Ó fa agolo mílíìkì kan yọ lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Owó wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e fún ọmọ mi. Èmi kọ́ ni mo mú owó rẹ̀, Ògún gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó yẹn ni kò jẹ́ kí n rí ọmọ-ọmọ mi, mo ti ń tù ú jọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó àgbàdo. Kò tíì pé. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí n wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo gbà á. "Ẹ ṣé, Ìyá," ni mo rí sọ.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọ̀mọ̀wé yìí jẹ́? Nígbà tí ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kò sí owó kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú agolo yẹn ni mo ti mú un.

Tí mo bá jẹ́wọ́, àbúrò mi á lé mi jáde. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó pé ìyàwó tí mò ń yínmú sí á wá máa wo ojú mi. Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, arúgbó á máa fi àgbàdo san owó tí èmi fi ra bàtà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹ ṣàánú mi, mi ò yẹ lẹ́ni tí à ń ṣàánú. Ẹ ṣá sọ fún mi: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún, ìyá ni àbí ọmọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ìyá ní gbogbo ọkọ̀ tó bá ń ti Abẹ́òkúta bọ̀ ni òun á máa wò.