Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n fi lé wa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé, oúnjẹ ni mò ń tà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ọkọ mi gan-an kò mọ̀. A sin obìnrin kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Nígbà náà, àwa obìnrin méjìlá la ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nítòsí gáréèjì. A ta tapólì sókè, a to bẹ́ńṣì sábẹ́ rẹ̀, àwọn awakọ̀ máa ń jókòó jẹun níbẹ̀. Èmi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìyá Ṣadé, ará Sosan, ló ń gúnyán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun ló sún bẹ́ńṣì tirẹ̀ kí tèmi lè gbà nígbà tí mo kọ́kọ́ dé.

Káńsù wá lẹ ìwé mọ́ ògiri. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé tábìlì tàbí bẹ́ńṣì sí ẹ̀gbẹ́ títì mọ́. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó kọ̀wé wá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọn yóò sì pè é wá sọ tẹnu rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ìwé, òfin ti múlẹ̀ nìyẹn. Èmi nìkan ni mo ní ìwé mẹ́wàá nínú wa. Wọ́n ní kí n bá gbogbo wa kọ ọ́.

Kí n tó kọ ọ́, ọkùnrin kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ àwọn tí yóò pín ìsọ̀ tuntun nínú ọjà. Bí àwọn obìnrin bá tẹ̀ka pé àwọn gbà láti kúrò, ìsọ̀ kan di tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ di ẹ̀bi rù ú. Kò fipá mú mi. Ọkọ mi kò níṣẹ́ nígbà náà, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, ọ̀rọ̀ ìsọ̀ yẹn sì wọ̀ mí lára.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ìwé náà. Mo kọ ọ́ pé a gbà, pé a dúpẹ́. Mo wá dúró láàárín wọn, mo ń wo ìwé, mo ń fi Yorùbá ka ohun tí kò sí níbẹ̀: pé a kò gbà, pé ibẹ̀ la ti ń bọ́ ọmọ wa, kí wọ́n pè wá ká wá sọ̀rọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ sunkún. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò sí abala kejì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mi ò lè gbé e lọ. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ìyá Ṣadé ní kí n mú un wá, pé àbúrò òun ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní káńsù, yóò bá wa fi í lé ọ̀gá lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ẹnikẹ́ni kò pè wá. Ọkọ̀ akẹ́rù ló dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n kó bẹ́ńṣì, wọ́n ya tapólì, wọ́n da omi sí iná Ìyá Ṣadé. A já ewé dání, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí káńsù, à ń kọrin. Akọ̀wé kan mú ìwé wa jáde, ó túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Àwa tí a tẹ̀ka síbí gbà tọkàntọkàn láti kúrò."

Orin dákẹ́. Gbogbo wọn kọjú sí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ní, "Èyí kọ́ ni mo kọ o! Abala kejì tí ẹ tẹ̀ka sí nìkan ni tiwa. Wọ́n ti pààrọ̀ ti àkọ́kọ́." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n rántí ẹni tó gbé e lọ fúnra wọn, wọ́n rántí àbúrò rẹ̀.

Ìyá Ṣadé kúnlẹ̀. "Mo fi ọmọ mi kan ṣoṣo búra, mi ò tú u wò. Mi ò tiẹ̀ mọ̀wé."

Wọ́n tutọ́ síwájú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kó lọ sí Ìwàrò kó lè máa gúnyán tà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó di ẹni tó ń bá àwọn tó ń ṣe gààrí bó ẹ̀gẹ́. Èmi rí ìsọ̀ gbà. Àwọn yòókù bá mi yọ̀, wọ́n ní ó kéré tán, orí gbe ẹnì kan nínú wa. Àwọn kan nínú wọn ń kiri, àwọn kan ti padà sóko.

Mo máa ń lọ kí i. Mo máa ń gbé ìrẹsì lọ. Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé mi ò ṣe é."

Mo ní, "Mo mọ̀, Màmá." Mo gbé abọ́ mi, mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìkàrẹ́.

Kò sí ìkankan nínú àwọn tí a jọ ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, Ṣadé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ti wú. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé màmá mi pààrọ̀ ìwé yẹn?"

Mo la ẹnu. Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Ó mi orí. "Ẹ ṣeun, mà. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti gbà pé ó ṣe é."

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí ni kí n ṣe? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé gáréèjì láti lọ bá ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ òkú, kó sọ fún mi.