Àdúrà Bàbá tí Mo Nù Kúrò Nínú Dikódà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Múṣìn ni èmi, ọkọ mi àti màmá rẹ̀ jọ ń gbé. Àbúrò ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ iná ní Ìlúpéjú. Adúmáadán ni mò ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Òun ló ra dikódà tó máa ń gba ètò sílẹ̀ fún wa. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣàn, ó sì fi bọ́tìnnì pupa hàn mí lára rímóòtù.

"Ìyàwó wa, ẹ tẹ ibí. Tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, ẹ óò bá a níbẹ̀."

Lóṣù ààwẹ̀ ọdún tó rà á, wọ́n gbé wáàsí mọ́ṣáláṣí wa sórí tẹlifíṣàn. Bàbá ọkọ mi ló ṣàdúrà ìparí. Bàbá dárúkọ Màmá, wọ́n tún ṣàdúrà fún ìyàwó ọmọ wọn tó ń dáná sààrì fún gbogbo ilé. Èmi nìyẹn o! Mo tẹ bọ́tìnnì pupa kíá. Kí ọdún tó yípo, Bàbá papò dà.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Màmá ń ní kí n gbé Bàbá sí i fún àwọn. Wọ́n á tẹ́wọ́, wọ́n á máa ṣe àmín. Tó bá kan orúkọ wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Èmi náà kúkú fẹ́ràn eré àtìgbàdégbà jù. Mo gbà á sílẹ̀ títí inú dikódà fi kún. Lọ́jọ́ tí eré kan fẹ́ parí, dikódà ní kò sáyè mọ́. Mo fẹ́ nu àwọn tí mo ti wò kúrò. Ó bi mí bóyá kóun nu gbogbo rẹ̀. Ìkánjú ò jẹ́ kí n kà á dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá bá wọn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá béèrè, mo ní iná tó já lójijì ló bà á jẹ́.

Màmá figbe ta. "Ṣé mi ò sọ fún Mùfú kó má so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn?"

Mùfú ni Adúmáadán. Mo dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ò dá a lóhùn dáadáa mọ́. Nígbà tó yá, Adúmáadán kò jẹun nílé wa mọ́, kì í sì í wá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá yìí ló wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ foríjì mí. Ọwọ́ mi ni dikódà yẹn ti bàjẹ́."

Ẹ wo ẹni tí kò ṣe nǹkan kan! Màmá gbé orí rẹ̀ lé itan wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi tọ́jú Màmá."

Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní lè wò mí lójú mọ́. Ó máa wá jẹun ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ bẹ òun nìkan ni, àbí kí n kúnlẹ̀ fún wọn pa pọ̀? Ẹ bú mi tó bá wù yín, mo gbà. Ẹ ṣáà má ní kí n dákẹ́.