Ìdí Tí Mo Fi Ń Yọ Gíláàsì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí mo kọ́ ní fèrè nílé mi ní Ugbor, ní Benin níbí, ẹ wá ibi jókòó kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí. Ara mi le, ikú kò kan ilẹ̀kùn mi, àfi tí Comfort ìyàwó mi bá pa mí lẹ́yìn tó bá kà á. Ẹ ní ẹ fẹ́ yẹ́ mi sí ní Sátidé tó ń bọ̀ nítorí ọgbọ̀n ọdún tí mo ti fi ń kọ́ni, ẹ sì ní ẹ máa tẹ ọgbọ́n ìkọ́ni mi sínú ìwé. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi tiẹ̀ lọ fún ọgbọ̀n, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Èmi Olúrẹ̀mí Ọláoyè, tíṣà fèrè yín, n kò lè ka ìwé orin.

Mi ò ṣàwàdà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀wọ̀, dò-re-mí ni wọ́n fi ń kọ orin sílẹ̀ fún wa, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀. Àwọn ìlà márùn-ún tí òyìnbó ń kọ orin sí, bí eṣinṣin tó bà sórí okùn aṣọ ló rí lójú mi. Etí ni mo fi kọ́ fèrè lára kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo dé Benin, obìnrin kan gbọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n wá kọ́ ọmọ òun. Ó yẹ kí n sọ fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè mí ní ọ̀gá, ó sì dùn létí mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà gbé ìwé síwájú mi, ojú mi ṣú. Mo ní, "Gbé fèrè sílẹ̀. Fi ẹnu kọ ọ́ ná." Ọmọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé orin níléèwé, ó kọ ọ́, etí mi gbé e, mo fi fèrè fọn ọ́n padà fún un. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni irọ́ mi ti di ọgbọ́n.

Ẹ rántí òfin mi: ẹni tí kò bá tíì fi ẹnu kọ orin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fèrè. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń dijú nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Ẹ̀ ń sọ pé ẹ̀mí orin ló gbé mi. Àkọ́sórí ni mò ń ṣe, òógùn ń bọ̀ ní abíyá mi. Bí ẹnìkan bá béèrè pé, "Sir, which note be this?" màá rọra yọ gíláàsì ojú mi, màá nù ún, màá ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?" Àwọn òbí ní tíṣà yìí kì í fi oúnjẹ sọ́mọ lẹ́nu, ó ń jẹ́ kí wọ́n ronú. Ẹ sì mọ ìwé orin kà ju ọmọ tíṣà mìíràn lọ lóòótọ́, nítorí bí ẹ bá ṣì í kà, àwa méjèèjì la máa sọnù.

Èyí tó burú jù ló kù. Morọ́láyọ̀ wà lára àwọn tí mò ń kọ́ ní fèrè, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, ìyá rẹ̀ ń ta abọ́ ike ní ọjà Ekiosa. Bí mo bá sọ Yorùbá sí i, Pidgin ló fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n bó bá gbé fèrè sẹ́nu, inú mi a dùn, màá sì tún máa jowú. Èmi àti òun fẹ́ jọ fọn orin kan níbi eré ọdún Kérésì. Nígbà tó ń fi ẹnu kọ ọ́ fún mi, ó ṣi ìlà kan kà, mo sì gbé àṣìṣe náà bó ṣe wà. Lọ́jọ́ eré, àwa méjèèjì jọ ṣì í níbì kan náà. Àlejò tó ń tẹ dùùrù fún wa dáwọ́ dúró, àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé wá bá mi, ó fi ìka sí i: "Ọ̀gá, kí ni wọ́n kọ síbí?" Mo yọ gíláàsì mi. Mo nù ún títí kò fi sí ohun tó kù láti nù. Mo wá yíjú sí ọmọ ọlọ́mọ: "Morọ́láyọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti tún ibí yìí ṣe fún ẹ?" Ẹ̀rù bà mí pé ó máa ní n kò tún un ṣe rí. Ó wò mí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sorry, sir." Èmi àgbàyà, mo tún fi kún un lójú ìyá rẹ̀ pé etí rẹ̀ kò dáa, kó má wá mọ́. Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ jáde. Fèrè rẹ̀ kù sórí àga.

Ọdún mẹ́rìnlá rèé. Òun náà lẹ ní kó kọ ìwé nípa mi, ó ti di olùkọ́ orin ní ìlú Ekiadolor. Lóṣù tó kọjá ó pè mí, ó ní kí n kọ ojú ewé kan lórí bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé orin kíkà. Mo wọkọ̀ lọ bá a, mo sì jẹ́wọ́. Ó wá ní, "Sir, I don know since. Morning of that Christmas show, I check am for house, I see say I read am wrong. But the wrong one don already enter your head. If I play the correct one, everybody go know say na you miss. So I follow you miss am." Ó ní láti ọjọ́ náà òun kò fọn fèrè mọ́, dùùrù lòun ń tẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Ọmọ tó bò mí láṣìírí ni mo dójú tì láwùjọ.

Nígbà tí mo nu ojú tán, ó gbé ìwé orin síwájú mi, mo na ọwọ́ sí fèrè. Ó ní, "Drop am, sir. Sing am first." Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí n kò fọwọ́ kan fèrè mi. Ìlà kejì orin náà ni mo ṣì kà dé.

Morọ́láyọ̀, mo bẹ̀ ọ́ níwájú gbogbo wọn, dárí jì mí. Ẹ̀yin èwe, bí tíṣà bá ń bi yín ní ohun tí ẹ bi í, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Fèrè tó kù sórí àga yẹn wà lọ́wọ́ mi, mi ò yé nù ún láti ọjọ́ náà. Màá gbé e wá ní Sátidé. Bó bá gbà á, ẹ jẹ́ kó fọn ìlà tí a ṣì yẹn bó ṣe tọ́. Èmi á jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn ọmọdé, ìwé orin á wà lọ́wọ́ mi, màá sì wọ gíláàsì mi.