Ẹ̀rọ Tó Máa Mọ Ààlà Oko

Mo ń dúró de fóònù mi tí wọ́n ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Ọba nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀rọ ajúwe-ọ̀nà wò.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó tóbi yìí ni ká rà. Òjò ò lè bà á jẹ́, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́."

"Ṣé ó mọ ibi tí pèrègún ààlà oko kòkó wa wà?"

"Rárá o. Ẹni tó mọ ààlà ló máa kọ́kọ́ gbé e yí oko ká, kó tó lè máa júwe rẹ̀ fún wa."

"Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ní ká wá sí Iléṣà ká jọ rìn ín, a ní iṣẹ́ ò jẹ́."

"Wọn ò sì lè rìn mọ́."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ra èyí tó fúyẹ́. Ìwọ lo máa pọn Bàbá yí oko ká."