Fáníìṣì Tí Mo Fi Pa Koríko Enoch

Keziah, ìyàwó wa, jókòó. Gbé tíì yẹn sílẹ̀ ná. Ikú ti ń kan ilẹ̀kùn mi, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè, nítorí ìwọ ni mo pa á fún.

Gbogbo abúlé mọ̀ pé bí ọmọ ìyá ni èmi Silas àti Enoch ọkọ rẹ. Ayàwòrán ni àwa méjèèjì, a jọ ń ya àwòrán odò Waveney ni, òjò jọ ń pa wá ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Láyé ìgbà náà, bí ayàwòrán bá fẹ́ kí àwọn ọlọ́lá ra iṣẹ́ òun, igi àti koríko rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àga àtijọ́. Enoch a ní, "Silas, ṣé o ti rí màlúù tó ń jẹ àga rí?" Bí koríko ṣe ń rí lẹ́yìn òjò ló ń yà á, tútù yọ̀yọ̀.

Ọdún tí àrùn àyà dá a dùbúlẹ̀, wọ́n kọ́ àwòrán àwa méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi ìpàtẹ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù. O mọ àṣà ibẹ̀: kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò, ayàwòrán á wọlé wá fi fáníìṣì, òróró tó ń mú àwòrán dán, pa iṣẹ́ rẹ̀ lára ògiri. Enoch kò lè dìde. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bá mi pa tèmi. Èyí tó mọ́ gaara ni o. Má jẹ̀ẹ́ kí koríko mi kú."

Mo débẹ̀, mo wo tirẹ̀, mo wo tèmi. Ẹrẹ̀ ni tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ìlara wọ̀ mí lẹ́wù. Mo po ọ̀dà rẹ́súrẹ́sú mọ́ fáníìṣì, mo fi pa koríko rẹ̀, mo fi pa ojú ọ̀run rẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi ṣú dùdù, tí ojú kò fi lè mọ koríko yàtọ̀ sí ọ̀run mọ́. Ọlọ́lá kan ra tèmi. Kò sẹ́ni tó bojú wo ti Enoch.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí mo padà dé, ó di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn, ó ní, "Koríko mi ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Wọ́n rẹ́rìn-ín ni, Enoch. Wọ́n ní ta ló da ọbẹ̀ kábéèjì sílẹ̀." Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí látọjọ́ yìí." Ó kú kí àwòrán náà tó délé. Nígbà tó dé, o bi mí ohun tó ṣe é. Mo ní èéfín Lọ́ńdọ̀nù ni, o sì gbà mí gbọ́. Aṣenibánidárò ni mí, Keziah. Èmi náà wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀.

Bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán: bí iṣẹ́ ẹnìkejì yín bá dára ju tiyín lọ, ẹ sọ fún un kó tó kú.

Àwòrán náà ṣì wà lókè ibi ìdáná rẹ. Fi òwú bọ tapẹntáìnì, omi tí a fi ń fọ ọ̀dà, kí o nu igun kan jẹ́jẹ́. Koríko ọkọ rẹ wà lábẹ́ ọ̀dà tí mo fi bò ó. Bí o bá lè dárí jì mí, padà wá sọ fún mi. Bí o kò bá lè ṣe é, ṣáà padà wá sọ fún mi bí koríko náà ṣe tutù tó.