Ẹsẹ̀ Wa Tó Wọ Inú Àwo

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi yìí ṣì lè rìn láti Ìrókò dé Moniya láìsinmi… ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo rìn ín dáadáa, bàbá yín sì wà lẹ́yìn mi tí mo pọ̀n. Ẹ dín ohùn fóònù yẹn kù ná. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń gbọ́ yẹn. Ẹ rò pé orin àtijọ́ lásán ni. Ẹsẹ̀ mi wà nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ èmi ìyá bàbá yín.

Ẹ gbọ́. Gídíónì, àbúrò mi ọkùnrin, òun ló ń ta gìtá béèsì ní ìjọ aláṣọ funfun tiwa ní Ìrókò. Bàámi ni alàgbà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọ, èmi ni mo sì máa ń dá orin. Ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ mímọ́ ni. Bí a bá ń kọrin, gbogbo ìjọ á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀, gbì, gbì, gbì… ta ló tún ń wá ìlù kiri? Gídíónì á di ojú, béèsì ẹ̀ á máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ọ.

Nígbà tó yá, òun àti àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin nínú ìjọ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Fọ́ńkì ni wọ́n ń pe irú orin yẹn. Béèsì ló máa ń sọ̀rọ̀ jù nínú ẹ̀, bí àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀. Wọ́n ń ṣeré ní Moniya, wọ́n ń lọ títí dé Adégbayì. Bàámi gbọ́. Wọ́n pe Gídíónì jókòó, wọ́n ní, "Ohun tí mo kọ́ ọ níwájú pẹpẹ lo lọ ń ná lójú títì."

Láti ọjọ́ náà, tí Gídíónì bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, Bàámi kì í dáhùn. Ọdún méjì gbáko. Ẹ̀yin tí ẹ ń kí èèyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ẹ lè mọ bó ṣe dùn ún tó? Á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàámi." Bàámi á máa wo ọ̀nà oko. Màámi ló máa wá sọ pé, "Dìde, Gídíónì." Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá kó gbogbo ayé jọ, tí Bàámi ò dá mi lóhùn, kí ni mo ní?"

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní ìgboro Ìbàdàn gbọ́ eré wọn. Ó ní kí wọ́n wá sí situdíò òun, kí wọ́n wá ṣe àwo ńlá, olójú méjì. Ọjọ́ kan péré ló fún wọn. Gídíónì bẹ̀ mí kí n wá bá wọn dá orin. Mo purọ́ fún Bàámi pé mò ń gbé ẹ̀lùbọ́ lọ fún ìyá ọkọ mi. Mo gbé e lọ lóòótọ́ o… ṣùgbọ́n situdíò ni mo kọ́kọ́ yà sí.

Háà. Ẹ ò bá rí ibẹ̀. Ilé tí ohùn kì í ti í jáde. Tí o bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á kú síwájú ẹnu rẹ. Kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì lára ògiri. Ẹnjiníà jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó fi nǹkan bo etí. Àwọn ọmọkùnrin wa sì ti ra bàtà tuntun, dúdú, tó ń dán, tó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ará oko.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orin náà kọ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀. Béèsì lọ síbí, ìlù lọ sọ́hùn-ún. Ẹnjiníà ní, "Ṣé ẹ tiẹ̀ dánra wò rárá?" Ọ̀sán pọ́n, oòrùn yí, a ò tíì rí orin kan ṣoṣo gbà sílẹ̀. Mo wo Gídíónì. Ohun tó torí ẹ̀ pàdánù ìkíni Bàámi, òun náà ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti wolẹ̀. Mo rí bàtà. Mo ní, "Gídíónì, ẹsẹ̀ ta ni béèsì rẹ ń tẹ̀lé?" Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo ní, "Ẹ bọ́ bàtà." Wọ́n bọ́ ọ. Èmi náà bọ́ tèmi. A ká kápẹ́ẹ̀tì, pákó ló wà lábẹ́ ẹ̀. Mo dá orin, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu pákó, gbì, gbì, gbì… béèsì bá wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ, orí mi wú. Ẹnjiníà dìde lẹ́yìn gíláàsì, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn, ó wá gbé e kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti parí ojú méjèèjì.

Àwo náà jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó tán. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tán. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ọ̀yọ́, òun ni. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, òun ni. Àwọn tó ń ta iṣu ní Moniya mọ̀ ọ́n lórí. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀ tí mi ò wọ̀, ẹ̀rù á sì bà mí. Wọ́n ní wọ́n ń gbọ́ ọ ní Kánò. Ẹsẹ̀ mi dé Kánò, èmi fúnra mi ò dé ibẹ̀ rí.

Bàámi nìkan ni ò gbọ́ ọ. Tí èèyàn bá ti ní orin Gídíónì ni, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, èmi àti Bàámi ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta àwo ní Moniya. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sí i. Gìtá ò tíì wọlé, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dún. Bàámi dúró. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ilé ìjọ wo nìyẹn?"

Béèsì wọlé. Wọ́n yíjú sí mi. "Ẹsẹ̀ rẹ wà níbẹ̀." Mo kúnlẹ̀ lójú títì, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀lùbọ́, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Gídíónì bọ́ bàtà?" Mo ní, "Ó bọ́ ọ, Bàámi. Títí a fi ṣe tán."

Bàámi bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà wọn. Ní Moniya o. Nínú eruku, ọkọ̀ ń kọjá, èèyàn ń wò. Alàgbà ìjọ dúró lẹ́sẹ̀ lásán níwájú ṣọ́ọ̀bù àwo títí ojú kìíní fi tán. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Wọ́n ní, "Ránṣẹ́ sí i kó wálé."

Gídíónì dé lọ́jọ́ Sátidé, nínú mọ́tò. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàsán, Bàámi." Màámi ti la ẹnu láti sọ pé dìde. Bàámi na ọwọ́ sí Màámi pé kí wọ́n dúró ná. Bàámi fúnra wọn ní, "Káàbọ̀, Gídíónì. Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ ẹ̀… kò lè dìde nílẹ̀. Ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ayé ti yí o. Ẹ̀yin ń fi ìka kan lu ìlù nínú fóònù, ẹ ò gbéra lórí àga. Mi ò bú yín. Ohun tí wọ́n fi kọ́ yín nílé ni kí ẹ má tijú ẹ̀ nígboro, òun nìkan ni mo wí. Bàámi ti lọ. Gídíónì náà ti lọ. Èmi nìyí, láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá ni mò ń tẹ̀.

Ẹ tún un gbé sí i… ẹ gbọ́ ọ? Níbẹ̀ yẹn, kò tíì rẹ̀ wá.